Bàbá káfíńtà fẹ́ tan iná sínú ilé bèbí: kí ló máa gbé e, ibo ni kí wáyà gbà?

Ìbéèrè tó wọlé rèé:

"Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Káfíńtà ni mí ní Adátán níbí l'Abẹ́òkúta, mo ti fẹ̀yìn tì. Mo fi plywood kan ilé bèbí kan fún àwọn ọmọ ọmọ mi tó ń bọ̀ wá ṣe Kérésì, bí ilé bàbá mi tó wà n'Ìtòkú ṣe rí ni mo ṣe kàn án, pẹ́tẹ́ẹ̀sì alájà kan, yàrá 5 àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, páànù tó ti dípẹtà ni mo gé bò ó. Ẹsẹ̀ bàtà kan nínú ilé gidi, ínṣì kan ni mo sọ ọ́ dà. Ó wù mí kí iná máa tàn nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Aládùúgbò mi kan ní kí n gé iná Kérésì sí i, òmíì ní kí n fà á lára bátìrì sólà mi tó jẹ́ 12V, ọmọ mi ní kí n kàn ra àwọn àtùpà kéékèèké tó ti ní bátìrì lára. Èwo ni kí n ṣe, báwo ni màá sì ṣe fi wáyà pamọ́? Mi ò tíì lẹ bébà sára ògiri."

Bàbá mi, ẹ kú ọgbọ́n orí, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́ o. Nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló múnú mi dùn jù, pé ẹ ò tíì lẹ bébà. Torí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń bi mí nírú ìbéèrè yìí, wọ́n ti lẹ bébà, wọ́n ti kun ọ̀dà, wọ́n ti to àga àti bẹ́ẹ̀dì kéékèèké síbẹ̀, kí wọ́n tó wá rántí pé ó yẹ kí iná wà, wáyà á wá máa rìn kiri lójú ògiri bí alángbá. Tiyín ò ní rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dá àwọn tó gbà yín nímọ̀ràn lóhùn ná.

Iná Kérésì, ẹ má gé e o, ẹ jọ̀ọ́. Èyí tó ń lọ tààrà sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ṣe ni wọ́n so àwọn gílóòbù rẹ̀ tẹ̀ léra wọn lórí wáyà kan, gbogbo wọn ló jọ ń pín 230V tó ń ti ara ògiri bọ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí gílóòbù bíńtín tó jẹ́ pé 2V tàbí 3V ni agbára rẹ̀ lè máa tàn láìjó. Tẹ́ ẹ bá wá gé 6 nínú rẹ̀, tẹ́ ẹ sì ki 6 yẹn bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, 6 yẹn nìkan lá wá máa pín 230V láàárín ara wọn, wọ́n á bẹ́ lójú yín níbẹ̀. Kódà tẹ́ ò bá gé e rárá, tẹ́ ẹ kàn ká gbogbo rẹ̀ sínú ilé náà, iná NEPA gidi ló ṣì wà lórí wáyà tín-ín-rín yẹn, nínú ilé onígi, tí páànù bò, tọ́wọ́ ọmọdé ń wọ̀ tó ń jáde. Rárá o. Èyí tó ń lo bátìrì tàbí USB yàtọ̀, ìyẹn ò léwu, àmọ́ àlàfo tí wọ́n fi sáàárín gílóòbù rẹ̀ kì í bá yàrá yín mu, á kàn máa já sí ibi tó wù ú.

Bátìrì sólà ńkọ́? Ẹni tó sọ ìyẹn ò kúkú parọ́. Lókè òkun, àwọn tó ń kọ́ ilé bèbí bí ẹní ń ṣiṣẹ́ gidi, 12V ni wọ́n ti ń lò ọjọ́ ti pẹ́, tiransifọ́mà kékeré kan ló ń rẹ iná NEPA tiwọn sílẹ̀, gílóòbù wọn ò sì ju ẹyọ ìrẹsì kan lọ. 12V kì í gbé èèyàn, kì í ṣe ibẹ̀ lẹ̀rù ti ń bà mí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni agbára tó wà nínú bátìrì tó tóbi tó báyẹn, torí tí wáyà méjì bá ṣèèṣì fara kanra, bóyá ọmọ kan fi ṣíbí onírin gún ibì kan, bátìrì sólà lè da ọgọ́rọ̀ọ̀rún áàmpù jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wáyà tín-ín-rín tá a máa lò yìí á pọ́n yòò, plywood á gba iná. Fíúùsì lè dá a dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí la tún ń wá lọ sídìí bátìrì tó tó yẹn, nígbà tí gbogbo iná ilé yín lápapọ̀ ò ní jẹ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí fóònù ń jẹ tó bá ń gba ṣájì?

Ti ọmọ yín ló jọ pé ó rọrùn jù, òun gan-an ni mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún jù. Àwọn àtùpà kéékèèké tí wọ́n ń tà yẹn, bátìrì pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnnì aṣọ ló pọ̀ jù nínú wọn. Tí ọmọ kékeré bá gbé bátìrì bọ́tìnnì mì tó bá há sí i lọ́nà ọ̀fun, kò ju wákàtí 2 lọ tó ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í jó ẹran ibẹ̀ gidigidi, kì í ṣe pé ẹ̀ẹ́ dúró kó bá ìgbẹ́ jáde, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀. Ẹ ò sọ ọjọ́ orí àwọn ọmọ náà, àmọ́ níbi tí ọmọ ọmọ bá pọ̀ sí, kékeré kan á wà nínú wọn tó ń ki gbogbo nǹkan bọ ẹnu. Tó bá dandan kẹ́ ẹ lò ó, àfi èyí tí wọ́n fi síkúrù de ìdérí ibi tí bátìrì wà.

Ó ti yá. Ohun témi máa ṣe ká ní èmi ni mo nilé: LED (gílóòbù bíńtín tí kì í jẹ iná púpọ̀), ṣájà fóònù 5V, rẹsísítọ̀ kan fún LED kan, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tú, àti kọnẹ́tọ̀ oníhò 12 kan lẹ́yìn ilé. Kò tán síbẹ̀ o, òfin kan wà tó ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun èlò yẹn lọ: ohunkóhun tó bá lè bàjẹ́, kò gbọdọ̀ wà nínú ògiri. Wáyà tó dọ́gba láti orí dé ìdí, tí ò ní ojú ìso kankan láàárín, òun nìkan lẹ lè lẹ bébà bò mọ́lẹ̀. Ojú ìso, rẹsísítọ̀, fíúùsì, súìṣì, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ yín àti sukudiráfà lè dé láìya ohunkóhun. Èèyàn á rò pé LED ló máa ń kọ́kọ́ kú, irọ́ ni, LED tí wọ́n ò fún lóúnjẹ jù lè pẹ́ ju bébà ògiri lọ. Ojú ìso ló máa ń já, tí wọ́n bá sì ti lẹ nǹkan bò ó, ilé náà á di onífìtílà òkú títí ayé, torí kò sẹ́ni tó máa fẹ́ ya bébà tó rẹwà nítorí iná yàrá kan.

Ká wá bẹ̀rẹ̀ látorí LED fúnra rẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn tó ń ta páàtì rédíò tàbí àwọn tó ń tún fóònù ṣe, ẹ máa rí irú wọn ní Pánsẹ́kẹ́, ẹ béèrè LED funfun, ẹ sọ pé warm white lẹ fẹ́, ìyẹn èyí tí iná rẹ̀ pọ́n díẹ̀ bíi ti gílóòbù àtijọ́, torí èyí tó funfun bí ẹfun yẹn á sọ ilé bàbá yín di tíátà ọsibítù. Ìwọ̀n rẹ̀ ńkọ́? Ibi tí inú mi ti máa ń dùn nìyí, torí ìwọ̀n tẹ́ ẹ mú yẹn, ínṣì kan fún ẹsẹ̀ bàtà kan, ó túmọ̀ sí pé gbogbo nǹkan lẹ pín sí 12. Gílóòbù gidi tẹ́ ẹ fi sí pálọ̀, ikùn rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 60, ẹ pín in sí 12, 5 ló kù, LED tó sì wọ́pọ̀ jù lọ́jà, mìlímítà 5 ni. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n ṣe gílóòbù fún ilé bèbí yín, ibẹ̀ náà ni wọ́n á dé. Onímìlímítà 3 náà wà, ìyẹn dúró fún 36, ó bá àwọn gílóòbù tẹ́ẹ́rẹ́ bí àbẹ́là mu, mo fẹ́ràn rẹ̀ fún yàrá ìbùsùn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ iná gbọọrọ ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 4 ní ibì kan, ínṣì 4 ló máa jẹ́ nínú tiyín: ẹ gé igi gúlù gbígbóná, funfun yẹn, tí wọ́n ń kì sínú ìbọn gúlù, ẹ mú èyí tó tín-ín-rín, ẹ fi sáńpépà ra á lára, ẹ lu ihò díẹ̀ sí orí rẹ̀ kan kẹ́ ẹ ki LED onímìlímítà 3 bọ̀ ọ́, gbogbo ara rẹ̀ á tàn. Nípọn rẹ̀ á ju ti gidi lọ, àmọ́ kò sí ọmọ tó máa fi rúlà wọ̀n ọ́n.

Nǹkan kan tí káfíńtà á fi ju oníná lọ nìyí: sáńpépà. Orí LED tó rí róbótó yẹn ń ṣa iná jọ sójú kan ni, tẹ́ ẹ bá gbé e kọ́ bó ṣe wà, ilẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ á mọ́ rekete, ògiri á wá ṣókùnkùn, èèyàn á sì mọ̀ pé nǹkan kan ò lọ déédéé. Ẹ fi sáńpépà kíkúnná ra orí rẹ̀ títí á fi di funfun bí ojú gíláàsì ilé ìwẹ̀, iná á fọ́n ká. Kẹ́ ẹ wá wá ìdérí ọṣẹ ìfọyín, ìlẹ̀kẹ̀ tó tóbi díẹ̀, tàbí ìdérí bírò, ẹ lu ihò sí i, ó ti di ìbòrí gílóòbù nìyẹn. Àwọn ọmọ gan-an lè bá yín ṣa èyí.

Rẹsísítọ̀ wá ni ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn fi ń sá fún iṣẹ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ìṣirò ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. LED funfun ń fẹ́ nǹkan bíi 3V. Ṣájà yín ń mú 5V wá. 2V tó ṣẹ́ kù gbọ́dọ̀ ríbi gbà, tí kò bá ríbi gbà LED lá jẹ ẹ́, á mọ́lẹ̀ gan-an fún ìgbà díẹ̀, á sì jó. Rẹsísítọ̀ ló ń gba 2V yẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí 5 mílíáàmpù, ìyẹn 0.005 áàmpù, kọjá, 2 tẹ́ ẹ pín sí 0.005, ó jẹ́ 400 óòmù (óòmù ni wọ́n fi ń wọn rẹsísítọ̀), 470 wọ́pọ̀ lọ́jà, ó sì ju 400 lọ díẹ̀, ẹ mú un. Àwọn kan máa sọ fún yín pé 20 mílíáàmpù ni LED ń gbà, òótọ́ ni, àmọ́ ibi tí agbára rẹ̀ parí sí nìyẹn, kì í ṣe ibi tó yẹ kẹ́ ẹ dé, yàrá tí ò ju páálí bàtà lọ ò nílò irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ojú á máa ro àwọn ọmọ. Lọ́wọ́ tèmi, 220 fún pálọ̀, ìyẹn á fún yín ní 9 mílíáàmpù, 470 fún kíṣìnì àti yàrá tó kù, 1000 fún yàrá ìbùsùn torí kò yẹ kí ibẹ̀ mọ́ jù. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ kẹ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n fún yín ní ohun tó bá ṣáà wà nílẹ̀ o, ẹ wo ìlà ara rẹ̀: 220 jẹ́ pupa, pupa, búráwùn, 470 jẹ́ yẹ́lò, pọ́pù, búráwùn, 1000 jẹ́ búráwùn, dúdú, pupa. Ìlà góòlù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ gbójú fò ó. Tó bá jẹ́ oníla 5, ìlànà tirẹ̀ yàtọ̀, ẹ ní kí wọ́n fi mítà tí wọ́n fi ń wọn iná wọ̀n ọ́n lójú yín.

LED kan, rẹsísítọ̀ kan. Ẹ má fi rẹsísítọ̀ kan ṣe gbogbo ilé nítorí àti fi owó pamọ́, owó rẹ̀ kéré ó sì wà káàkiri. Àwọn LED kì í dọ́gba tán, bí wọ́n tiẹ̀ jáde látinú ọ̀rá kan náà, tí wọ́n bá jọ ń pín rẹsísítọ̀, èyí tó rọrùn fún iná láti gbà á jẹ ju èyí tó kù lọ, yàrá kan á mọ́, èkejì á ṣú.

Fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, àbá kan wá sí mi lọ́kàn, tó bá jẹ́ bí ilé bàbá yín ṣe rí látijọ́ gan-an lẹ ń wá: ẹ má gbé gílóòbù kọ́ síbẹ̀, ẹ gbé àtùpà kọ́ ọ. LED yẹ́lò onímìlímítà 3, 2V lòun ń fẹ́, rẹsísítọ̀ 1000 á fún un ní 3 mílíáàmpù, iná rẹ̀ á pọ́n rẹ́súrẹ́sú bíi ti epo. Ẹ wá ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì kan fi bò ó lórí. Ẹ̀yin lẹ mọ bí àtùpà ilé yín ṣe rí, mi ò lè kọ́ yín nìyẹn.

Wáyà. Ẹ má ra wáyà oníyàrá gidi, ó nípọn jù, kò ní gbọ́ràn. Wáyà íntánẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ wá, èyí tí wọ́n fi ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ ní ọ́fíìsì, àwọn tó ń so kámẹ́rà CCTV máa ń ní àjẹkù rẹ̀ nílẹ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n, mítà 3 tó yín lọ́pọ̀lọpọ̀. Tẹ́ ẹ bá bó awọ òde rẹ̀, ẹ máa bá wáyà 8 nínú rẹ̀, wọ́n lọ́ ọ ní méjì méjì, búlúù pẹ̀lú funfun tó nílà búlúù, ọsàn pẹ̀lú funfun tó nílà ọsàn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọ̀ 4 nìyẹn, iná yín sì jẹ́ 6, torí náà àwọ̀ á tún ara rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fún pálọ̀ àti kíṣìnì ní àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ ò ní máa ṣèèṣì so wọ́n pọ̀. Èyí tó ní àwọ̀ pátápátá, ẹ fi ṣe pósítíífù, èyí tó funfun, ẹ fi ṣe nẹ́gétíífù, kẹ́ ẹ má yí i padà títí ẹ máa fi parí. Ẹ fi ọ̀bẹ ha a kẹ́ ẹ tó gbà á o: tí inú rẹ̀ bá funfun lábẹ́ awọ kọ́pà, àlùmíníọ̀mù ni wọ́n kùn lọ́dà kọ́pà, léèdì (òjé tí wọ́n ń yọ́ láti fi so wáyà, kì í ṣe LED o) kì í dúró dáadáa lára rẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ó ti kán.

Ibi tó máa gbà wá kù. Ẹ ò sọ ibi tí ilé náà ń ṣí sí, mo gbà pé iwájú ló ń ṣí, tí ẹ̀yìn sì dì pa. Nísàlẹ̀, àjà yàrá ìsàlẹ̀ náà ni ilẹ̀ yàrá òkè, àbí? Ẹ lu ihò tó gba LED yẹn láàárín àjà, kí ẹsẹ̀ LED yọ sókè, ẹ wá fi ayùn fa ìlà láti ihò yẹn lọ tààrà sí ògiri ẹ̀yìn, lójú ilẹ̀ yàrá òkè, kó jìn tó mìlímítà 2 tàbí 3, ẹ fi ṣísẹ̀lì gbẹ́ inú rẹ̀ mọ́, wáyà méjèèjì á sùn sínú rẹ̀, kò ní ga ju ilẹ̀ lọ. Kápẹ́ẹ̀tì tàbí bébà tẹ́ ẹ bá tẹ́ síbẹ̀, ẹ má fi gọ́ọ̀mù kan ibi tí ìlà náà gbà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ lẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló máa gùn jù, láti iwájú dé ẹ̀yìn, ìlà kan náà ni. Yàrá òkè ò ní wàhálà kankan, òkè àjà wọn lábẹ́ páànù ni wáyà á gbà, ẹ kàn fi tépù dì í mú. Àmọ́ páànù yẹn, páànù gidi tó ti dípẹtà, ẹnu rẹ̀ mú, ó lè bẹ́ awọ wáyà, tó bá ti bẹ́ ti méjì wọ́n ti jọ pàdé lára irin nìyẹn. Ẹ gé sítírọ́ọ̀ tí wọ́n fi ń mu mínírà, ẹ ki wáyà gba inú rẹ̀ níbikíbi tó bá ti sún mọ́ páànù. Èmi á tiẹ̀ ní kẹ́ ẹ ṣe òrùlé náà kó ṣeé ṣí, tí kò bá tíì rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ má lẹ LED mọ́ àjà. Ẹ jẹ́ kí ihò rẹ̀ há a díẹ̀, kí ìbòrí gílóòbù tẹ́ ẹ ṣe yẹn dì í mú, kẹ́ ẹ sì fi wáyà tó tó ìka méjì ká sókè ibẹ̀, kẹ́ ẹ lè fà á wá sílẹ̀ lọ́jọ́ tó bá di dandan. Ibi tí ẹsẹ̀ LED ti pàdé wáyà ni ojú ìso kan ṣoṣo tó máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá, ìdí tó fi yẹ kó ṣeé fà jáde nìyẹn. Ẹsẹ̀ tó gùn ni pósítíífù. Tẹ́ ẹ bá ti gé e kúrú, ẹ wo ìdí LED, ẹ̀gbẹ́ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni nẹ́gétíífù. Áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń yọ́ léèdì, 30 wáàtì tó, kó gbóná dáadáa kẹ́ ẹ tó fi kàn án, kẹ́ ẹ fún wáyà ní léèdì ná, kẹ́ ẹ fún ẹsẹ̀ LED náà, kẹ́ ẹ wá fi méjèèjì kanra, ìṣẹ́jú àáyá 2 tàbí 3 ó ti parí. Ẹni tó bá ń fi áyọ́ọ̀nù ti ara LED pẹ́, ṣe ló ń sè é. Kẹ́ ẹ tó so ó, ẹ ti ki awọ tẹ́ ẹ bó lára wáyà tó nípọn díẹ̀ sórí wáyà, tẹ́ ẹ bá so tán ẹ kàn tì í wá bo ojú ìso, kí ẹsẹ̀ méjèèjì má báa kan ara wọn.

Gbogbo wáyà á wá jáde lẹ́yìn ilé, ẹ fi tó sẹ̀ǹtímítà 15 sílẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ lẹ tépù kékeré mọ́ ọn, ẹ kọ orúkọ yàrá sí i. Ẹ ra kọnẹ́tọ̀ onísíkúrù, funfun yẹn, tí àwọn oníwáyà ń lò, ihò 12 ló máa ń ní. Yàrá 5 àti ọ̀dẹ̀dẹ̀, 6 nìyẹn, wáyà méjì méjì, 12 gẹ́lẹ́. Ẹ kàn án mọ́ ẹ̀yìn ilé. Ní apá kan, ẹ ki pósítíífù 6 sínú ihò 6 àkọ́kọ́, nẹ́gétíífù 6 sínú èyí tó kù. Ní apá kejì, iwájú pósítíífù kọ̀ọ̀kan, ẹ ki ẹsẹ̀ rẹsísítọ̀ rẹ̀ kan sí i, ẹ kó ẹsẹ̀ kejì gbogbo wọn jọ sára wáyà kọ́pà kan tí awọ ò sí lára rẹ̀, ẹ fi léèdì mú wọn, ibẹ̀ ni pósítíífù ṣájà á wọlé. Iwájú àwọn nẹ́gétíífù, ẹ fi wáyà kan ṣoṣo so wọn pọ̀, nẹ́gétíífù ṣájà á lọ síbẹ̀. Ẹ wá fi pákó pẹlẹbẹ kan ṣe ìdérí fún gbogbo rẹ̀, onísíkúrù. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ètò yìí ni pé tí pálọ̀ bá mọ́ jù lójú yín, ẹ ò ní wọ inú ilé rárá, ẹ kàn pààrọ̀ rẹsísítọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn.

Ṣájà: ẹ mú èyí tó bá fóònù gidi wá, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń kó sínú abọ́ tà nígbà tí góòsìlóò bá dúró. Mi ò sọ èyí torí fáàrí. Inú ṣájà ni nǹkan kan ti ń ya 230V sọ́tọ̀ kúrò lára 5V, ayédèrú lè máà ya á dáadáa, 5V tẹ́ ẹ rò pé ẹ gbé fún ọmọ lè má jẹ́ 5V mọ́ lọ́jọ́ kan. Ẹ lo ṣájà tó ní ihò USB àtijọ́, tó fẹ̀ pẹlẹbẹ, torí ti USB-C sí USB-C, kì í gbé iná jáde àyàfi tó bá rí fóònù gidi lẹ́nu rẹ̀. Ẹ gé ẹnu wáyà USB tí ò wúlò mọ́, pupa ni pósítíífù, dúdú ni nẹ́gétíífù, funfun àti gíríìnì ẹ gé wọn kúrú, ẹ lẹ tépù mọ́ wọn. Àwọn olówó pọ́ọ́kú kan kì í tẹ̀ lé àwọ̀ yìí, ẹ fi mítà wò ó kẹ́ ẹ tó so ó. Ẹ wá gbé fíúùsì gíláàsì 500 mílíáàmpù kan sára pupa yẹn kó tó dé kọnẹ́tọ̀. Ṣájà náà, ara ògiri ilé gidi ló máa wà, kò gbọdọ̀ wọ inú ilé bèbí láéláé.

Tí NEPA bá mú iná lọ ńkọ́, torí Abẹ́òkúta la ṣì wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní páwà báǹkì, ẹ gbìyànjú rẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń pa ara wọn lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ tí ohun tí wọ́n ń gbé bá kéré jù, ilé yín ò sì ní jẹ tó 30 mílíáàmpù, páwà báǹkì á rò pé kò sẹ́nì kankan nílé. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ 3, nínú ilé bátìrì tó ní síkúrù, ìyẹn jẹ́ 4.5V, ó bá rẹsísítọ̀ kan náà mu láìyí ohunkóhun padà, iná á kàn dínkù díẹ̀, ó sì lè gbé e fún ọ̀pọ̀ alẹ́.

Kẹ́ ẹ tó lẹ bébà, ẹ tan gbogbo rẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ gbé ilé náà, ẹ mì í, ẹ fọwọ́ ti wáyà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń ṣẹ́jú nígbà tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, léèdì rẹ̀ ò jinná, ẹ tún un so. Tí yàrá kan ò bá tàn rárá, ẹ yọ wáyà rẹ̀ méjèèjì, ẹ ki í bọ ihò yàrá tó ń tàn: tó bá tàn níbẹ̀, rẹsísítọ̀ rẹ̀ tàbí síkúrù ló lẹ́jọ́, tí kò bá tàn, ẹ kọ́kọ́ yí wáyà méjèèjì padà ná, ó lè jẹ́ pé ẹ so ó sódì, LED tí wọ́n so sódì kàn máa dákẹ́ ni. Tí gbogbo ilé bá ṣú lẹ́ẹ̀kan, ẹ wo ṣájà, fíúùsì àti ẹ̀yìn kọnẹ́tọ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo yàrá ti jọ ń gba iná; tó bá jẹ́ yàrá kan ló ṣì ṣú lẹ́yìn tẹ́ ẹ yí wáyà rẹ̀ padà, wáyà méjèèjì lè ti pàdé níbì kan tàbí kí ojú ìso ti já, mo fẹ́ kọ́kọ́ fura sí ibi tó sún mọ́ páànù.

Ẹ ò béèrè ọ̀rọ̀ súìṣì, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ máa béèrè rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ṣú. Iná tó ń tàn lásán ò tó wọn, àwọn fúnra wọn lá fẹ́ máa pa á, kí bèbí lè sùn. Súìṣì bíńtín-bíńtín wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta páàtì, ẹ gbé e sáàárín rẹsísítọ̀ àti ihò kọnẹ́tọ̀ yàrá náà, ẹ to 6 sójú pákó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Tí ọkàn yín ò bá gbé ti 6, ẹ fi ọ̀kan ṣe gbogbo ìsàlẹ̀, ọ̀kan ṣe gbogbo òkè, àwọn ọmọ á ṣì jà lórí rẹ̀ náà ni. Tẹ́ ẹ bá ti kan kọnẹ́tọ̀ tán, kẹ́ ẹ tó tan iná, ẹ ya ẹ̀yìn ilé náà ní fọ́tò kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, kí n bá yín wo bí wáyà ṣe jókòó, kẹ́ ẹ jọ̀ọ́ ya iwájú rẹ̀ náà mọ́ ọn, mo fẹ́ rí òrùlé yẹn.